Ọsàn Ifẹ̀ tó ń lọ òkè òkun: bí a ṣe ń gba ìwé ẹ̀rí ìlera fún un, láti ìdí igi títí dé èbúté

Ẹ lọ sí ìdí igi ọsàn yín láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ ṣa márùn-ún nínú àwọn tó já fúnra wọn sílẹ̀. Ẹ má mú èyí tó ti rà tán, èyí tí ojú rẹ̀ ṣì dán ni kí ẹ mú. Ẹ gbé abọ́ funfun kan kalẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ mímú là wọ́n síbẹ̀, kí ẹ sì tẹjú mọ́ abọ́ náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ẹ bá rí ìdin funfun tín-ín-tín tí kò ní orí tí kò ní ẹsẹ̀, tó ń ká ara rẹ̀ kò tó sì ń ta pọ́n-ún sókè, ọmọ eṣinṣin èso nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ rí, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ní orí tó dúdú díẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó fi ń wọ́ lọ, ọmọ àfòpiná ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Thaumatotibia leucotreta. Nítorí àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ṣe ń dá ẹrù ọsàn Áfíríkà dúró ní èbúté Yúróòpù.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọsàn. Ẹ lè fọ ọsàn kó máa dán gbinrin, kí ẹ tò ó sínú páálí tó rẹwà, kí ẹ san gbogbo owó tó yẹ. Bí ìdin bá ti wà nínú ẹyọ kan, gbogbo ẹrù ló máa bá a lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé inú oko la ti ń gba ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Ohun tí oko bá ti sọ ni ọ́fíìsì máa tẹ òǹtẹ̀ sí. Ẹni tó dúró di ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó ẹrù kó tó máa wá ìwé kiri, ó ti pẹ́ ju ọdún kan lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí ná mi lówó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó ọsàn jọ lọ́wọ́ àwọn olóko lójú ọ̀nà Ifẹ̀wàrà, alárinà kan ní kí n má wulẹ̀ dààmú, pé òun mọ bí òun ṣe máa rí ìwé gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá wo oko. Mo gbà fún un. Nígbà tó gbé ìwé dé, "fruits" nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí orúkọ igi, kò sí orúkọ oko. Èmi náà sì ti fi ewé méjì-mẹ́ta sílẹ̀ lára àwọn ọsàn kan nítorí pé ó wù mí lójú bẹ́ẹ̀. Páálí 40 ni. Wọ́n sun gbogbo rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú tí a kó o lọ, wọ́n sì ní kí oníbàárà mi san owó ìsunná náà. Ìyá kan tó fún mi ní páálí 12 nínú rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ọsàn mi ló burú ni?" Ọsàn rẹ̀ kò burú rárá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè fún ni, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

(Ọsàn tí à ń mu ni mo ń wí o, kì í ṣe ọ̀sán àgbálùmọ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, ẹni tí kò bá fetí sí ohùn dáadáa lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.)

Ta ló ń fúnni ní ìwé yìí?

Àwọn tó wà nídìí òwò náà ń pè é ní fáítò. Àdéhùn àgbáyé kan wà tó ń jẹ́ IPPC, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1951, tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ń gbé lárugẹ láti Róòmù. Àdéhùn náà ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àjọ ìjọba kan tí yóò máa jẹ́rìí sí ìlera ohun ọ̀gbìn tó bá ń jáde níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, Nigeria Agricultural Quarantine Service ni, tí gbogbo wa ń pè ní NAQS. Kò sí alárinà, kò sí ẹgbẹ́ olóko, kò sí yunifásítì tó lè fún yín ní fáítò. Wọ́n lè tọ́ yín sọ́nà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. NAQS ní ibùdó ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì wà ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed àti ní àwọn èbúté Èkó. Èmi, Ìbàdàn ni mo máa ń gbà lọ láti Ifẹ̀, nítorí pé ó dára kí ẹni tó máa buwọ́ lùwé ti mọ̀ yín kí ẹrù yín tó dé Èkó.

Àwọn ìwé mìíràn wà tí kì í ṣe ti ìlera: ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa ọjà sí òkè òkun, àti fọ́ọ̀mù NXP, tí a fi ń kéde ọjà tó ń jáde nílùú, tí báńkì yín máa bá yín ṣe. Ẹ tètè ṣe wọ́n. Sùúrù ni wọ́n ń fẹ́, mi ò ní í pẹ́ lórí wọn níbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tó ń lọ

Kò sí òfin kan tó jẹ́ ti "òkè òkun". Orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba ọsàn ló ń sọ ohun tó fẹ́, NAQS á wá wò ó bóyá ọsàn yín bá ohun náà mu. Nítorí náà, ẹ ní kí oníbàárà yín lọ béèrè lọ́wọ́ àjọ ìlera ohun ọ̀gbìn ìlú tirẹ̀, kó gba èsì lákọsílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí yín. Ìwé yẹn lẹ máa mú dání lọ bá NAQS. Oníbàárà tó bá ní kò pọn dandan, ẹ má tíì já ọsàn kankan fún un.

Amẹ́ríkà kì í gba èso tútù àyàfi irú èyí tó ti fọwọ́ sí fún orílẹ̀-èdè tó ti wá gan-an, ẹni tó sì ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Bìrìtéènì ti kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìwé òfin rẹ̀ ti dá dúró. Ẹ má fi ti ọ̀kan wọn èkejì. Ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni mo máa fi ṣàlàyé jù, nítorí pé òun ló le jù nínú àwọn tí mo ti bá pàdé, ẹni tó bá sì lè tẹ́ ẹ lọ́rùn kò ní í fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro níbòmíràn.

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2019, gbogbo èso tútù tó bá ń wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti òde gbọ́dọ̀ ní fáítò, àyàfi márùn-ún péré: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, dàbínò àti dúríánì. Kò yọ arìnrìn-àjò sílẹ̀. Ọsàn mẹ́ta tí ìyá kì sínú báàgì fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Jámánì wà lábẹ́ òfin yìí bí ọsàn kọ̀ńténà kan ṣe wà lábẹ́ rẹ̀.

Fún ọsàn àti gbogbo ìdílé rẹ̀, òfin wọn tó ní nọ́ńbà 2019/2072 tún lọ jìn ju pé kí ìwé ṣáà wà. Ọsàn kò gbọdọ̀ ní ewé, kò gbọdọ̀ ní igi ìdí. Orúkọ ibi tó ti wá gbọ́dọ̀ hàn lára páálí. Lẹ́yìn èyí, NAQS gbọ́dọ̀ kọ gbólóhùn ẹ̀rí sórí fáítò nípa àrùn àti kòkòrò kọ̀ọ̀kan tí òfin náà dárúkọ. Àrùn mẹ́ta ló ń bi wọ́n nínú jù. Àkọ́kọ́ ni kańkà ọsàn, Xanthomonas citri, tó ń ṣe egbò tó wú, tó rí bí èèpo igi, tí òrùka yẹ́lò yí ká, tó sì máa ń hàn ní ojú àti ẹ̀yìn ewé. Ìkejì ni Phyllosticta citricarpa, àbàwọ́n kéékèèké tó jin wọnú, tí etí rẹ̀ dúdú tí àárín rẹ̀ funfun bí eérú, tó máa ń hàn sára ọsàn tó ti ń pọ́n. Ìkẹta ni Pseudocercospora angolensis. Èyí wà ní Nàìjíríà, òjò àti òtútù ló ń fún un lágbára. Àbàwọ́n róbótó ni lára ewé, òrùka yẹ́lò á yí i ká. Tí àárín rẹ̀ bá gbẹ, ó lè já bọ́ kí ewé lu ihò. Bí ẹ bá rí i lára ewé ní oṣù Keje, ẹ má retí pé ọsàn ibẹ̀ á mọ́ ní oṣù Kọkànlá.

Kòkòrò ni ìyókù: àwọn eṣinṣin èso, àti àfòpiná tí mo ti sọ lókè.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú ọsàn wo?

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé òfin Yúróòpù lórí àfòpiná yẹn yọ ọsàn wẹ́wẹ́ àti lẹ́mọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sì de ọsàn mímu mọ́lẹ̀. Láti oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n ti mú un le sí i lórí ọsàn mímu: ó di dandan kí ọsàn tó ti ilẹ̀ tí àfòpiná wà wá gba inú òtútù gidi kọjá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tàbí kó wà lábẹ́ ètò tí ìjọba ibẹ̀ ti fi tó Yúróòpù létí ṣáájú. Gúúsù Áfíríkà, tó wà lára àwọn tó ń ta ọsàn jù sí òkè òkun ní Áfíríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí WTO, àjọ òwò àgbáyé, lọ́dún 2022 kan náà. Bó bá le fún àwọn, tí wọ́n ní ilé òtútù ní gbogbo èbúté, ẹ ronú bó ṣe máa rí fún olóko tó ní éékà 5 ní Ifẹ̀tẹ̀dó. Eṣinṣin èso àti àrùn ṣì wà nínú ìwé fún ọsàn wẹ́wẹ́ o, ẹrù kan ló kàn fúyẹ́ nínú ẹrù márùn-ún.

Ẹni tó bá máa gbin tuntun, kó lọ sọ́dọ̀ NIHORT ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, tí iṣẹ́ ọsàn wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ra irúgbìn lẹ́bàá ọ̀nà. Kí ẹ sì sọ fún oníbàárà yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọsàn wa, pàápàá Agege 1, lè pọ́n kó dùn tán kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Òru wa kò tutù tó láti sọ èèpo ọsàn di pupa. Mo ti rí oníbàárà tó dá owó dúró nítorí àwọ̀ yìí nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọdún kan nínú oko

Ibí ni iṣẹ́ wà. Òfin fún orílẹ̀-èdè tí eṣinṣin wà ní ọ̀nà kan tí olóko lè gbà: pé kò sí àmì eṣinṣin náà nínú oko àti ní àyíká rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí igi hù dé ìkórè, pé òṣìṣẹ́ ìjọba wá wò ó ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù 3 ṣáájú ìkórè, pé ọsàn tí wọ́n ṣàyẹ̀wò nígbà ìkórè mọ́, àti pé a lè tọpasẹ̀ ọsàn náà padà sí oko tó ti wá. Ẹ kà á dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ já ọsàn ní oṣù Kọkànlá, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ NAQS ti wọ oko yín ní oṣù Kẹjọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ní oṣù Kẹfà. Ẹ kọ iye igi, ọ̀nà tó dé ibẹ̀, irú ọsàn, àti oṣù tí ẹ fẹ́ já a.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "àti ní àyíká rẹ̀". Oko yín lè mọ́ tónítóní kí ti aládùúgbò yín máa bí eṣinṣin. Eṣinṣin kì í béèrè ààlà. Nítorí náà, a sọ ọ́ di àáró. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ní àsìkò èso, olóko 9 á péjọ, a ó bẹ̀rẹ̀ lóko ẹnì kan, a ó parí rẹ̀ lóko ẹlòmíràn, iṣẹ́ kan ṣoṣo la sì ń ṣe: ṣíṣa ọsàn tó já sílẹ̀. Eṣinṣin máa ń yé ẹyin rẹ̀ sábẹ́ èèpo ọsàn. Ìdin á jẹun nínú rẹ̀ títí ọsàn á fi já. Nígbà náà ni ìdin á jáde, á wọnú ilẹ̀, á sì di eṣinṣin níbẹ̀. Ọsàn jíjẹrà tí ẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ igi ni ilé ìbímọ wọn. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kò ní í tán léèékánná. Ẹ má dà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ oko, ẹ má sì jù wọ́n sódò. Ẹ kó wọn sínú àpò ọ̀rá dúdú, ẹ dì í pinpin, ẹ gbé e sójú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ooru inú rẹ̀ á pa ìdin. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rá, kó gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ 2, kó bo iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn kó sì tẹ̀ ẹ́ le.

Tàkúté wá lẹ́yìn èyí. Eṣinṣin tó burú jù lọ́dọ̀ wa báyìí, Bactrocera dorsalis, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Éṣíà ló ti wá. Ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà lọ́dún 2003, kí ó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Oògùn kan wà tí akọ rẹ̀ kì í lè kọjá, methyl eugenol. Ẹ rin òwú mọ́ ọn pẹ̀lú apakòkòrò díẹ̀, ẹ so ó sínú ìgò oníke tí ẹ ti lu ihò 4 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e kọ́ sábẹ́ ẹ̀ka níbi tí òjìji wà. Akọ nìkan ló ń mú, àwọn ìbátan rẹ̀ tí í jẹ́ Ceratitis kò sì ní í yà sí i, nítorí náà ẹ má gbà pé oko mọ́ nítorí pé ìgò ṣófo. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni kíkà: ẹ máa ka iye tó kú sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Àkọsílẹ̀ yẹn ni òṣìṣẹ́ NAQS máa béèrè lọ́wọ́ yín kó tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

Èèrà pupa tó máa ń fi ewé rán ilé sórí igi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná sun ún. Mo mọ̀ pé ó ń ta àwọn tó ń já ọsàn, ó sì ń ta wọ́n gidi. Ṣùgbọ́n eṣinṣin máa ń sá fún èso tí èèrà yìí ti rìn lórí rẹ̀. Àwọn olùwádìí fi ìdí èyí múlẹ̀ lórí igi máńgòrò ní Benin, ilẹ̀ tó múlé gbè wá. Ẹ fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó gungi.

Ní ti apakòkòrò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ó dúró lọ́kàn yín. Ní ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos, èyí tó wà nínú òtapiápiá àti Sniper. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Ẹ̀wà lọ̀rọ̀ náà bá, ṣùgbọ́n gbogbo àgbẹ̀ Nàìjíríà ló san án. Kòkòrò kú, ọjà náà sì kú. Oògùn tí ẹ bá fín sóko, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ fín in, ìwọ̀n rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ìwé ara ike rẹ̀ ní kí ẹ dúró kí ẹ tó kórè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: jíjá

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ ọsàn ní í kó pọ́npọ́ bá ìyá rẹ̀. Lóko ọsàn tó ń lọ òkè òkun, pọ́npọ́ ti dèèwọ̀, gọ̀gọ̀ pẹ̀lú. Ọsàn tó bá fi ara gbá ilẹ̀, ibi tó gbá yẹn ló máa bu níwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀ láti yọ ọ́. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ fà tu náà kò dára: bọ́tìnnì tútù kékeré tó wà níbi tí ọsàn ti so mọ́ igi á tú dànù pẹ̀lú èèpo díẹ̀, àrùn á sì gba ojú ihò náà wọlé.

Bí a ṣe ń já a rèé. Ẹ gbé àkàbà, ẹ mú ṣísọ̀ọ̀sì àgbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò ṣonṣo. Gé àkọ́kọ́, ẹ gé ọsàn náà kúrò lórí ẹ̀ka pẹ̀lú igi ìdí rẹ̀ bí ìka kan. Gé ìkejì, ẹ yí ọsàn sókè lọ́wọ́ yín, kí ẹ gé igi náà kó bá bọ́tìnnì dọ́gba, bí ẹni gé èékánná. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí rẹ̀ kọjá: bí ohunkóhun bá gún yín, ó ti gùn jù, á sì gún ọsàn kejì nínú páálí. Bọ́tìnnì lè dúró, igi kò gbọdọ̀ dúró. Ewé kankan kò gbọdọ̀ bá a lọ, ì báà jẹ́ ẹyọ kan. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹwà. Ewé àti ọ̀mùnú ni kòkòrò tó ń gbé àrùn gíríínì ọsàn kiri ń gbé lé lórí, àrùn tó ti run oko ọsàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní Florida. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí, Diaphorina citri, ti wà ní Nàìjíríà. Ìròyìn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2020. Ẹ máa wò ó lára ọ̀mùnú tuntun: kékeré ni, ó sì máa ń gbé ìdí sókè bó bá ń fa omi ewé mu.

Ẹ má já ọsàn lásìkò tí ìrì tàbí òjò ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ dúró di nǹkan bí aago mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣíṣà àti dídì

Ẹ ṣe é sábẹ́ òrùlé, lórí tábìlì funfun, níbi tí eṣinṣin kò lè wọ̀. Ẹ mú ọsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i lọ́wọ́ lábẹ́ iná. Ojú abẹ́rẹ́ tí eṣinṣin fi yé ẹyin kéré gan-an. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi tín-ín-tín á yọ jáde níbẹ̀. Ibi tí àfòpiná gbà wọlé yàtọ̀: ihò ni, èèpo tó yí i ká á ti yí àwọ̀ padà, ẹ̀gbin bí ìyẹ̀fun igi sì lè wà lẹ́nu rẹ̀. Nínú páálí kọ̀ọ̀kan, mo máa ń mú méjì tí ojú wọn mọ́ jù, mo máa là wọ́n. Ó ń dun àwọn olóko pé mò ń ba ọsàn tó dára jẹ́. Bí èmi kò bá là á níbí, òyìnbó á là á níbẹ̀.

Ẹ má da ọsàn oko kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn. Ẹ má sì lọ ra ọsàn tí ọkọ̀ akẹ́rù kó dé láti Benue kí páálí yín lè pé. Ọsàn Benue dára, òun ló ń bọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ oko rẹ̀ wò lórúkọ yín. Páálí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà oko, abala oko, àti ọjọ́ tí a já a. Páálí tuntun ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti kó nǹkan mìíràn sínú rẹ̀ rí.

Bí ẹ bá to páálí sórí pákó, pákó náà ní òfin tirẹ̀, ISPM 15: wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi ooru sè é títí àárín rẹ̀ fi gbóná dé ìwọ̀n 56 (lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì) fún ìṣẹ́jú 30, kí òǹtẹ̀ IPPC sì wà lára rẹ̀. Pákó tí káfíńtà kàn kàn mọ́ra lẹ́yìn ilé lè dá ọsàn tó mọ́ dúró.

Òtútù

Fún àwọn tó bá tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọsàn mímu, òtútù ni ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Ètò kan tí àwọn orílẹ̀-èdè IPPC fọwọ́ sí fún eṣinṣin Ceratitis capitata nínú ọsàn mímu ni kí ó wà ní ìwọ̀n 2 tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ 16, láìdáwọ́ dúró. Ti àfòpiná tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Láìdáwọ́ dúró" ni kókó ọ̀rọ̀ náà: bí jẹnẹrétọ̀ bá kú fún wákàtí mélòó kan ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí òtútù sì já, a lè ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Nítorí náà, inú kọ̀ńténà ọkọ̀ òkun, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń kọ ìwọ̀n òtútù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ni iṣẹ́ yìí ti rọrùn jù. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú fíríísà ilé. Kí ẹ sì bi NAQS kí ẹ tó náwó kankan, bóyá ètò tí ẹ fẹ́ lò ti wà nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Yúróòpù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ka fáítò yín

Ẹ fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí NAQS kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó dé, kí òṣìṣẹ́ wọn lè wá wo ẹrù níbi tí ẹ ti dì í. Bó bá ṣí páálí, ẹ má fi páálí tó dára jù síwájú. Ẹ jẹ́ kó yan èyí tó wù ú.

Nígbà tí ìwé bá jáde, ẹ jókòó kí ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ṣé orúkọ igi ní èdè àwọn onímọ̀ wà níbẹ̀: Citrus sinensis fún ọsàn mímu, Citrus aurantiifolia fún ọsàn wẹ́wẹ́? Ṣé iye páálí àti ìwọ̀n kílò bá ti ẹrù mu? Ṣé Nàìjíríà àti oko yín wà níbi orírun? Ṣé gbólóhùn ẹ̀rí lórí àrùn àti kòkòrò kọ̀ọ̀kan wà, tó sì sọ ọ̀nà tí òfin gbà láàyè tí ẹ gbà dé ibẹ̀? "Ẹrù yìí mọ́" nìkan kò tó. Bí wọ́n bá fi kálàmù pa nǹkan rẹ́ tí wọ́n sì kọ òmíràn lé e láìsí òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìwé tuntun. Ẹ sì wo ọjọ́ orí rẹ̀: Yúróòpù kò gba èyí tó bá ti ju ọjọ́ 14 lọ kí ẹrù tó kúrò ní Nàìjíríà. Mo mọ ẹni tó tètè gba ìwé kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, tí ọkọ̀ òkun wá pẹ́, tí ìwé fi dàgbà sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀dà rẹ̀ kan á lọ sọ́dọ̀ oníbàárà lójú ẹsẹ̀, kó lè kéde ẹrù náà lórí TRACES, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń lò, kí ẹrù tó dé.

Bí wọ́n bá dá ẹrù dúró

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "wọ́n ní kò dáa" parí ọ̀rọ̀ fún yín. Wọ́n máa ń fún ẹni tó kó o wọlé ní ìwé tó sọ ìdí rẹ̀, orúkọ kòkòrò tàbí àrùn tí wọ́n rí, àti nọ́ńbà páálí tó ti wá. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà á tún fi tó NAQS létí, nítorí náà ẹ lọ bá wọn fúnra yín kí wọ́n tó pè yín.

Nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ mi lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bó ṣe yẹ, nọ́ńbà ara páálí ló gbà wá. Abala kẹta, oko kan ṣoṣo nínú mẹ́sàn-án. A lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Igi ọsàn ìlà tó kẹ́yìn fara kan igi gúáfà méjì tí kò sẹ́ni tó kà sí, tí èso wọn ti pọ́n tí wọ́n sì ń jẹrà sílẹ̀. A la gúáfà kan sínú abọ́ funfun. Ìdin ń fò nínú rẹ̀. Olóko náà gé igi méjèèjì lọ́jọ́ yẹn gan-an, a ṣa gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, a sì yọ ìlà igi ọsàn yẹn kúrò nínú ohun tó ń lọ òkè òkun ní sáà náà. Ọjà Ifẹ̀ la ti tà wọ́n.